Àwọ̀ Tó Sá Kúrò Nínú Ẹyin

Ẹ̀yìn obìnrin ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Obìnrin ilé ọkọ ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ àfi ọkọ rẹ̀ nìkan. Ọkọ náà ló sì ń wò ó láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ní Òkìtìpupa, lóṣù kẹrin ọdún 1995, bó ṣe ń bá a fa síìpù aṣọ rẹ̀ sókè.

"Bàbá Tolú, ẹ ṣe kíá, wọ́n ti lu agogo kejì."

Síìpù dé agbedeméjì, ó dúró.

"Ó há ni?"

"Kò há."

"Ẹ fà á nígbà náà!"

Akínrẹ̀mí ò fà á. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni. Ó ti la ọ̀pọ̀lọ́ níkùn lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń bì, ojú tirẹ̀ ò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó rí lẹ́yìn Motọ́lání ìyàwó rẹ̀ gbẹ itọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìbàdí, nínú kòtò ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an, ilà funfun kan ti yọ. Ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó funfun bí inú àgbọn. Láàárín funfun yẹn, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn ń lọ, ó pọ́n bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Kì í ṣe làpálàpá. Làpálàpá kì í fi rúlà fa etí ara rẹ̀.

Ó fi ìka kàn án.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ọwọ́ yín tutù bí ẹja!"

Kì í ṣe ọwọ́ Akínrẹ̀mí ló tutù.

Ohun tó wá burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: bí ẹ̀rù ti ń ba ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ń dùn.

*

Kí ẹ tó bú u, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá kejì ilé náà. Ẹ rọra tẹlẹ̀.

Àpótí pákó mẹ́rin nìyẹn, nẹ́ẹ̀tì onírin lójú gbogbo wọn, ejò nínú. Mọ́námọ́ná ni, ejò tí kò lóró, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni Akínrẹ̀mí ra méjì lọ́wọ́ Ambrose, olóògùn tí ń fi ejò pe èrò jọ ní gáréèjì. Akọ jẹ́ àfín, ó funfun láti orí dé ìrù, ojú rẹ̀ pupa. Abo ní ilà kan ṣoṣo gbọọrọ lẹ́yìn, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní tótòtó.

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe, Tíṣà? Ọbẹ̀?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n bímọ fún mi. Èyí tó funfun, tó tún ní ilà."

Ambrose rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ sẹ́nu, ó kéde fún gbogbo gáréèjì pé ọjọ́ tí irú ejò bẹ́ẹ̀ bá yọjú ní Òkìtìpupa, kí wọ́n bá òun kó ẹrù òun sọ́kọ̀, òun ò ní gbélùú mọ́.

Tọkọtaya náà bí márùn-ún. Gbogbo wọn rí bákan náà, dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ejò èyíkéyìí tí ẹ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko ọ̀pẹ. Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, kò sì dà wọ́n nù.

"Àwọ̀ méjèèjì wà nínú wọn," ó sọ fún Motọ́lání nígbà náà. "Ó sá pamọ́ ni. Bí a bá so akọ wọn mọ́ abo wọn, nínú ọmọ mẹ́rìndínlógún, ẹyọ kan lè kó méjèèjì jáde."

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò?"

"Ejò ni wọ́n, Motọ́lání."

"Kí pásítọ̀ má ṣáà gbọ́ o."

Ọyẹ́ pa àfín. Ọmọ odó aládùúgbò pa onílà. Abo inú àwọn ọmọ náà yé ẹyin méje, ó sì kú lọ́jọ́ kẹta. Ẹyin méje yẹn ló kù, nínú abọ́ ńlá kan, lórí okùn-okùn ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán, àtùpà ń mú wọn lọ́wọ́ọ́wọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Akínrẹ̀mí ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹyin ejò kì í ṣe ẹyin adìẹ: bí o bá yí i dà, ọmọ inú rẹ̀ á kú. Kò sí ìyá mọ́, kò sí ìgbà kejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n ṣí. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ àwọ̀ tó wà nínú ẹyin títí yóò fi ṣí.

Ìdí nìyẹn. Nígbà tí ọkùnrin yìí rí funfun àti ilà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé, "Ó wà níbẹ̀! Ọ̀kan nínú wọn ní i!" Tíṣà báyọ́lọ́jì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlútítun ni kó tó di tíṣà. Ó mọ̀ pé ẹnìkan ti fi oògùn pe àwọ̀ jáde nínú ẹyin. Lẹ́yìn náà ló tó rántí pé ara èèyàn ló ń wò.

*

Ẹ bá mi padà sẹ́yìn ní ọjọ́ mẹ́ta, sí Ìkọ̀yà tó wà nítòsí, lọ́sàn-án gangan.

Ìyá arúgbó kan ń jẹ́ Aníwúrà níbẹ̀, ekùrọ́ ló ń pa, àdín ló ń yọ. Gbogbo ènìyàn ló ń ra àdín rẹ̀ fún ara ọmọ tuntun. Àwọn mìíràn a máa ra nǹkan mìíràn, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Ambrose jókòó níwájú rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá sín ní Òkìtìpupa, wọn á kí i kú orí ire ní Osooro. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ kéré.

"Màmá, Tíṣà yẹn ti ní ẹyin. Wọ́n ní ó lè jẹ́ òótọ́."

"Hẹn." Arúgbó náà fọ́ ekùrọ́ kan. Kò wò ó.

"Mo fẹ́ kí àwọ̀ kúrò nínú ẹyin náà."

"Àwọ̀ kì í dà nù bí omi ìfọṣọ. Bó bá kúrò nínú ẹyin, ara kan ni yóò wọ̀. Ara ta?"

Ambrose wo ẹnu ọ̀nà. Kò fẹ́ dárúkọ ènìyàn, nítorí orúkọ tí ẹnu bá dá, ẹnu náà ni yóò jíhìn rẹ̀. Ọgbọ́n ló rò pé òun ń gbọ́n.

"Kó wọ ilé olóhun. Ẹni tó bá ni ẹyin."

Ìgbà yẹn ni Aníwúrà gbójú sókè.

"Ṣé bó o ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú ìkarahun kì í jáde mọ́ o."

"Ẹ ṣáà bá mi ṣe é, Màmá."

Ó fa ìkarahun ìgbín kan yọ. Ó rọ àdín dúdú sí i, ó ki awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé e sí Ambrose lẹ́nu. Ambrose sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: "Àwọ̀ inú ẹyin, fi ẹyin sílẹ̀, wọ ilé olóhun." Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo adìẹ tó wà lábẹ́ àjà dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ jáde sínú oòrùn, ọ̀kan ò ké.

"Ọjọ́ tí ejò náà bá jáde," Aníwúrà wí, "yóò wá béèrè aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́."

"Báwo ni yóò ṣe gbà á?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ lára ẹni tí kò fẹ́ bọ́ ọ?"

Ó fọ́ ekùrọ́ mìíràn.

*

Vivian, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ojúkojú, wo ẹ̀yìn Motọ́lání, ó fún un ní ìpara. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi pa á lálẹ́, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án." Wọ́n fi pa á. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìpara wà níbi tí wọ́n pa á sí, ilà ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba abẹ́ afárá, ó ti gùn sí i ní oríkèé ìka kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Motọ́lání jókòó sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé nínú oòrùn tí àwọn ewúrẹ́ ń sá fún. "Òtútù ń mú mi," ló wí. Lọ́jọ́rú, Vivian wá sọ ìtàn aláìsàn kan fún un. Ìtàn náà gùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, Motọ́lání ò ṣẹ́jú. Vivian dìde lójijì, ó ní òun gbé nǹkan kaná, ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò padà wá mú un títí dòní.

Lọ́jọ́bọ̀, Motọ́lání ti abọ́ púpurù tó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbójú sókè àjà.

"Eku mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan lóyún."

Akínrẹ̀mí rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń yọ orí ahọ́n síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kó bá òun wo ibi tí ilà dé. Nǹkan kan kàn án lẹ́yìn tí kì í ṣe ìka.

"Tíṣà. Rúlà ni yẹn?"

"Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń..."

"Ẹ ti wọn ẹyin láàárọ̀, ó wá kan èmi. Ẹ wò mí lójú." Ó wò ó. Ojú náà ń dán, kò sì mì. "Inú yín ń dùn. Mo ti rí i láti ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ fẹnu yín sọ ọ́."

"Ó túmọ̀ sí pé ó wà nínú ẹyin," ni Akínrẹ̀mí sọ, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ọdún mẹ́rin ni mi ò fi mọ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Motọ́lání tún ìró rẹ̀ ró.

"Ọdún mẹ́rin lẹ fi ń rùn bí ejò, mo sì sùn tì yín. Bó bá máa gbé mi lọ náà, kó tiẹ̀ rẹwà."

Ibẹ̀ ni ayọ̀ náà kú sí nínú ọkùnrin yẹn. Mo ní ó kú. Kò jí mọ́.

*

Lọ́sàn-án Sátidé, ta lẹ tún rò pé ó kan ilẹ̀kùn? Ambrose ni, ọsàn mẹ́fà nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ara ìyàwó wa ò yá. Ẹ kú ìtọ́jú o, Tíṣà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé ilẹ̀kùn wà ní Òkìtìpupa ni?" Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àga. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ó ti dé àárín èjìká, àbí? Bó bá kan irun orí, ẹ má wá mí mọ́. Ẹ kó ẹyin yẹn fún mi, kí n lọ bá yín bẹ ẹni tó lè tú u."

Nínú ọkàn rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ń rò: òun á gba ẹyin, òun á ní kí Aníwúrà dá àwọ̀ padà sínú rẹ̀, ejò tí òun búra pé kò lè sí láyé á wá wà lọ́rùn òun láti Òkìtìpupa dé Èkó. Ta ló máa rántí ìbúra nígbà náà?

Akínrẹ̀mí dìde. Ó wọ yàrá kejì lọ, ó gbé ọmọ odó. Ó ti nà án sókè lórí abọ́ ẹyin kí Motọ́lání tó dì í lọ́wọ́ mú. Ìdìmú náà le, ó tutù, ó ń le sí i.

"Bẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, ilé wo ni àwọ̀ yìí máa padà sí?"

Ọmọ odó bọ́ sílẹ̀.

Motọ́lání jáde sí pálọ̀. Ó sún mọ́ Ambrose, ó sún mọ́ ọn jù. Ó yọ orí ahọ́n sí i, ó fà á padà.

"Bọ̀ọ̀dá Ambrose, ẹ gbé ọsàn yín. Ẹ máa lọ."

Ambrose rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀rín náà délẹ̀kùn. Nígbà tó lọ tán, Motọ́lání yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Àdín dúdú ń rùn lára rẹ̀. Àti èéfín ilé arúgbó kan. Mo lè tọ̀ ọ́ dé ibẹ̀. Ẹ pe ọlọ́kadà."

*

Ẹ ò tíì rí ọ̀kadà tí imú ń wà. Obìnrin náà jókòó sáàárín ọkọ rẹ̀ àti ọlọ́kadà, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́, ahọ́n ń yọ, ahọ́n ń wọlé. "Ọ̀tún. Ẹ máa lọ. Ẹ dúró, ó yà níbí." Ọlọ́kadà ń wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka Sáàmù. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkọ̀yà, kò dúró gba owó.

Aníwúrà ń fọ́ ekùrọ́.

"Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó dé," ló wí. Ìkálẹ̀ paraku ló fi sọ ọ́, èmi ni mo bá yín tún un sọ.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?" Akínrẹ̀mí béèrè.

"Ẹni tó rọ ọ̀bẹ kọ́ ló pa ẹran, ọmọ mi. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ̀rọ̀ sínú ìkarahun. 'Àwọ̀ inú ẹyin, fi ẹyin sílẹ̀, wọ ilé olóhun.' Ìyàwó ni ilé ọkọ; àpọ́n bíi tirẹ̀, ara rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ejò bá jáde, yóò wá bọ́ aṣọ rẹ̀ lára ẹni tó wọ̀ ọ́."

"Ìyàwó mi á kú?"

"Mo ti rí i tí wọ́n bọ́ ọ lára ẹnìkan rí." Òkúta ọwọ́ rẹ̀ dúró sófuurufú. "Ta ló ni ẹyin?"

"Èmi ni mo ni wọ́n."

"Ṣé dandan ni?"

Motọ́lání bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ilà ti lo ọjọ́ mẹ́fà lára rẹ̀, ẹ̀rín tó ń dún sùù láàárín eyín.

"Ó wá sílé wa wá tọrọ rẹ̀, Màmá! Òun fúnra rẹ̀! Pẹ̀lú ọsàn!"

Arúgbó náà gbé òkúta rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá itan. "Ambrose! Ó gbàgbé ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ! Ẹ gbé e fún un kíá." Ó sì tún le ojú. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè, lójú ọ̀sán, lójú èrò. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi nà án. Ìwọ tíṣà, bí ọkàn rẹ bá tẹ̀lé e lọ, ìwọ ṣì ni olóhun. Bó o bá sì gbà á padà, ì báà jẹ́ pé ìka kan ṣoṣo lo fi kàn án, ìwọ ni olóhun láéláé."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹyin yóò ṣí ni Ambrose tó padà sí gáréèjì; wọ́n gbé abọ́ náà jáde. Tíṣà gbé e lé itan lórí ọ̀kadà, ó ń ké sí ọlọ́kadà ní gbogbo kòtò: "Rọra! Bí ẹyin yìí bá yí, ẹ̀mí ló yí!" Òpópónà Òkìtìpupa lọ́dún náà, kòtò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Motọ́lání wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tó wé dé ọrùn. Èémí rẹ̀ ń kan ọkọ rẹ̀ léti, ó tutù bí omi àmù. Ilà ti yọ lókè ọrùn aṣọ. Ó ku kó fọwọ́ kan irun.

Bí wọ́n ti ń wọ gáréèjì, ẹyin kan ti sán.

Ambrose wà lórí bẹ́ǹṣì nínú kóòtù dúdú rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu. "Kí ni oògùn yìí ò wò? Inú rírun ńkọ́? Ẹ̀yìn dídùn ńkọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá Ambrose!" Akínrẹ̀mí ké. "Ẹ wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé. Kí lẹ ní kí n fún yín?"

Èrò yíjú. Ambrose rí abọ́ náà, ọkàn rẹ̀ fò. Ẹ wo ọkùnrin tí ẹja ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àwọ̀n rẹ̀.

"Tíṣà ẹlẹ́jò ti dé o! Ó ti rẹ̀ ẹ́! Ẹyin ni mo ní kó kó fún mi!"

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò gbọ́."

Ambrose gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. "MO NÍ KÓ O KÓ ẸYIN RẸ FÚN MI!" Ó dún dé ọ̀nà Òré.

"Ṣé gbogbo yín gbọ́?"

"A gbọ́!" ni gáréèjì dáhùn.

Akínrẹ̀mí na abọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì. Ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lọ, bí ajá tí wọ́n tà tó ń wo olówó rẹ̀ àná. Ọdún mẹ́rin. Ó wo ẹyin keje, èyí tí àmì pẹ́ńsùlù rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ó wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀. Ojú tí kò ṣẹ́. Ètè tí ó ti ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Funfun náà ń wọnú irun.

Ọkàn rẹ̀ padà.

"Ẹ gbà, Bọ̀ọ̀dá. Tiyín ni, látòní lọ."

Ambrose gbà á. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èémí kan. Èémí méjì. Ambrose bú sẹ́rìn-ín nínú ẹ̀rọ.

Motọ́lání ṣẹ́jú.

Òógùn bò ó láti iwájú orí dé àgbọ̀n bí ẹni tí wọ́n da omi lé. "Yéè! Ooru ń mú mi o!" Akínrẹ̀mí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló da omi tútù sí mi lẹ́yìn?" Ambrose béèrè.

Kò sẹ́ni tó da omi. Àríyọ̀, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ló kọ́kọ́ ké. "Bọ̀ọ̀dá, kí ló ń gun ọrùn yín?" Ilà tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lára Motọ́lání ti mọ ọ̀nà, kò lo ìṣẹ́jú kan lára Ambrose. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mo rí ojú tí ọkùnrin fi ń rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Kò dára wò.

"Gbà! Tíṣà, gbà á padà!"

Akínrẹ̀mí ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Èkínní: ejò rẹ́súrẹ́sú. Èkejì: bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà, gbogbo wọn rẹ́súrẹ́sú bí ejò oko. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ambrose pàápàá mí kanlẹ̀. "Ẹ rí i? Mo sọ fún yín ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀!"

Èkeje ya.

Ohun tó jáde kò ní àwọ̀ rárá. Ó rí bí omi ẹyin tútù tó gùn. Èèyàn ń rí egungun rẹ̀, ó ń rí ọkàn rẹ̀ tó kéré bí ẹyọ ìrẹsì, tó ń lù. Ó gbórí sókè. Ó gun ọwọ́ Ambrose. Ó wọ inú apá kóòtù.

Gbogbo gáréèjì rí i bó ṣe ń wú lábẹ́ aṣọ: ó kọjá èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ó yípo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, díẹ̀díẹ̀. Ambrose dúró gbagidi bí ẹni tí abẹ onígbàjámọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ohùn kan ń dún lábẹ́ kóòtù náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ tó lẹ̀ mọ́ egbò. Ẹnu Ambrose là sílẹ̀. Igbe kankan ò jáde.

Ejò náà yọ lọ́rùn aṣọ. Ó funfun bí inú àgbọn. Ilà epo gbọọrọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù.

Kò sẹ́ni tó mira. Ambrose fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀. Ilà ti lọ. Ó wà láàyè! Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu láti kéde rẹ̀.

"Sùùùùùù," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ó tún un ṣe. "Sùùùùùù." Ejò náà ti gba aṣọ rẹ̀, ó sì ti mú nǹkan mìíràn kún un. Ìgbà náà ni gáréèjì tú. Ẹni tó ń lọ Oǹdó wọ ọkọ̀ Ìgbókòdá, awakọ̀ kan sá fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, Àríyọ̀ fi ẹ̀pà rẹ̀ ta àwọn adìẹ lọ́rẹ.

Àwọn mẹ́ta ló kù lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà. Ambrose bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì na ejò náà sí Akínrẹ̀mí. Ètè rẹ̀ ń mì. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, kò nílò ohùn.

Ejò náà ń dán nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ pupa bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ níbikíbi tí Akínrẹ̀mí mọ̀ láyé, òun ló sì rò ó, òun ló so bàbá mọ́ ìyá, ọmọ mọ́ ọmọ, nígbà tí gbogbo ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nà sí i díẹ̀, bí ọmọ tó mọ bàbá rẹ̀. Ọwọ́ Akínrẹ̀mí ti jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ó ku ìka kan.

Motọ́lání dúró níbẹ̀, ó ń fi etí ìró nu òógùn, ó ń ṣẹ́jú.

Akínrẹ̀mí ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ẹ̀bùn ni, Bọ̀ọ̀dá Ambrose," ló wí. "Mi ò gbà á."

Wọ́n yíjú sí ọ̀nà ilé. Lẹ́yìn wọn, Ambrose ti tún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́nu, sùùù náà ń ti inú rẹ̀ jáde, ó ń ga sí i, ó ń pè. Èjìká Akínrẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Motọ́lání dì í lápá mú.

"Ẹ sunkún tó bá wù yín, Bàbá Tolú," ló wí. "Ẹ má ṣáà wẹ̀yìn."

Ó sunkún láti gáréèjì dé ẹnu ọ̀nà ilé, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú ọ̀sán. Kò wẹ̀yìn.